Ohun Ìjà Tí Kò Mọ Èèwọ̀



Ọ̀rọ̀ kan wà láàrin wa tí a ń sọ ní ìkọ̀kọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú ìpàdé wa àti ní etí odò ní Ìgbókòdá, àwọn ènìyàn gidi, tí kì í ṣe jàǹdùkú, ti ń béèrè bóyá ó tọ́ kí oníṣẹ̀ṣe máa gbé ìbọn ìléwọ́ kékeré kan kiri lábẹ́ aṣọ. Irú èyí tí wọ́n ń sọ ni èyí tí òyìnbó ń pè ní revolver, tí àgbá rẹ̀ ń yí po, tí ó ń gba ọta márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí ó sì lè wọ àpò ṣòkòtò láìyọrí síta. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò mi orí. Nígbà tí ó bá tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Báyìí ni ọkàn wa ṣe ń rọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ó rọ̀ sí i. Kì í ṣe pé ẹ̀sìn wa kórìíra ohun ìjà. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ níwájú Ògún? Ìdí rẹ̀ ni pé ìbọn abẹ́ aṣọ jẹ́ ohun ìjà tí kò mọ èèwọ̀, tí kò ní ẹlẹ́rìí, tí ẹnikẹ́ni kò sì búra lé lórí.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á fi ẹ̀rù àwọn ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, 2022, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti St. Francis ní Ọ̀wọ̀, nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, wọ́n sì pa nǹkan bí 40 ènìyàn ní ọjọ́ ìjọsìn. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó lè ṣẹlẹ̀ nínú igbó Orò tàbí ní ojúbọ Olókun. Lórí omi tiwa, àwọn adigunjalè ń dá apẹja lọ́nà, wọ́n ń tú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ lọ, wọ́n sì ń jí ènìyàn gbé. Bákan náà, kì í ṣe ojo ni àwọn tí ń sọ pé kí aráàlú gbèjà ara wọn. Ní oṣù kẹta 2018, Ọ̀gágun Theophilus Danjuma sọ ọ́ ní gbangba ní Jalingo. Ní oṣù kẹfà 2022, ìjọba Bello Matawalle ní Zamfara ní kí aráàlú múra láti gba ìbọn. Sẹ́nétọ̀ Ned Nwoko láti ìpínlẹ̀ Delta náà ti ń polongo pé kí òfin fún aráàlú ní àyè láti ní ìbọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá béèrè lọ́wọ́ mi kò ṣẹ̀. Ìdáhùn tó jinlẹ̀ ni ó yẹ kí á fún un.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun èlò náà fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Smith & Wesson ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ jáde ní 1950, ọta márùn-ún ni ó ń gbà. Ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn nínú irú ìbọn yìí ni pé kì í sábà há. Bí ọta kan bá kọ̀ tí kò dún, a ó tún okùnfà rẹ̀ fà, àgbá yóò sì yí sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kúrú, ó sì ń ta ọwọ́ ẹni tó bá yìn ín jìgìjìgì. Láti fi ba ohun tó wà ní ìwọ̀n ìsọ̀kò kan, ó gba ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọ́ ọ, kódà lórí ilẹ̀ tó dúró ṣinṣin. Kí ni yóò wá ṣe nínú ọkọ̀ tí ìgbì ń mì, nígbà tí àwọn tó ń bọ̀ gbé ìbọn ńlá tí ń tú ọgbọ̀n ọta jáde, tí ọkọ̀ wọn sì yára ju tìrẹ lọ? Kí á má tilẹ̀ sọ ti iyọ̀ òkun tí ń mú irin dógùn-ún láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ ọta márùn-ún sí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti sọ olè tí ó wá gba ẹ́ńjìnì di ẹni tí yóò gba ẹ̀mí.

Òfin ńkọ́? Òfin Ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ṣakabùlà wà ní ọ̀nà kan. Ìbọn ọdẹ òyìnbó tí kì í fúnra rẹ̀ ki ọta wà ní ọ̀nà kejì. A lè gba ìwé àṣẹ fún àwọn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìbọn ìléwọ́, àti èyí tí àgbá rẹ̀ ń yí po, wà láàrin àwọn tí a kà léèwọ̀ pátápátá pẹ̀lú bọ́ǹbù àti ìbọn ológun. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fọwọ́ sí ìwé àṣẹ wọn. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìní ìwé yìí, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ó kéré jù.

Mo mọ ohun tí àwọn ajàfúnṣà láàrin wa yóò sọ: pé òfin amúnisìn ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nínú ogun tí ó jà láti 1877 títí di 1893, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn ìgbàlódé gbà láti ọwọ́ àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó, ìró ìbọn ni ó sì fún ogun náà ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí, Kírìjì. Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù pàdé ní Brussels, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn tí ó ní kí wọ́n má ta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ṣakabùlà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Nítorí náà, kì í ṣe ìfẹ́ àlàáfíà nìkan ni ó bí òfin náà. Síbẹ̀, pé ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn kò fẹ́ràn wa kò sọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn di oúnjẹ. A lè bá òfin jà ní ilé aṣòfin. Ìbéèrè tó ṣe kókó fún oníṣẹ̀ṣe ni pé, bí òfin bá tilẹ̀ gbà á lọ́la, ṣé àṣà wa gbà á?

Ibí yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń mú àríyànjiyàn tó lágbára jù wá. Wọ́n ní: "Bàbá, ṣebí àwọn baba wa náà ń fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ońdè wà ní ìbàdí, ìfúnpá wà ní apá, òkígbẹ́ àti ayẹta wà lára. Kí ni ìyàtọ̀?" Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní nítorí pé àwọn kò fọkàn tán ayẹta mọ́ ni àwọn ṣe ń wá ìbọn. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ fi àyà gba ọta. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí wọ́n béèrè wà, ó sì tóbi.

Kò sí oògùn ìṣọ́ra kan tí a ń fún ènìyàn láìfún un ní èèwọ̀. A ó sọ fún un pé: má fi bẹ̀rẹ̀ ìjà, má gbé e wọ ibi báyìí, má bá aya aláya lò pọ̀ nígbà tí ó wà lára rẹ, má mutí yó sí i. Bí ó bá rú èèwọ̀, oògùn bà jẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé agbára tí a gbé fún un so mọ́ ìwà rẹ̀. Ẹni tí ó fún un mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè gbà á padà. Ìbọn kékeré kò béèrè ohunkóhun. Bí ó ti ń dún fún ẹni rere náà ni ó ń dún fún ọ̀mùtí, fún ọkọ tí inú ń bí, àti fún ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó rí i lábẹ́ ìrọ̀rí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú ìbọn yìí pọ̀ sí jù, ó lé ní ìdajì nínú àwọn tí ìbọn ń pa tí wọ́n jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi pa ara wọn. Ohun tí a rà nítorí àlejò burúkú, onílé ni ó ń pa.

Ẹ wo èdè wa pàápàá, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Láti inú "bò" ni a ti rí "ààbò". Ààbò ni ohun tí ó bo ènìyàn. Ìbọn abẹ́ aṣọ, ènìyàn ni ó ń bò ó. Nígbà tí a bá ti ń bo ohun tí ó yẹ kí ó bò wá, nǹkan ti yí padà. Ọdẹ kì í bo ìbọn rẹ̀. Èjìká ni ó ń gbé e kọ́, gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n ní ọdẹ, ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì ń bọ Ògún ní gbangba. Bí ìbọn rẹ̀ bá dún níbi tí kò yẹ, a mọ ẹni tí a ó bi.

Àwa ará etí òkun kò nílò kí ẹlòmíràn wá kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí, nítorí àwa ni a ni Ayélála. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọkùnrin kan ṣẹ̀ nítorí obìnrin, ó sì sá lọ bá ẹ̀yà kejì tí ó gbà á sí ààbò; ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìlàjẹ àti Ìjọ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí gbogbo wọn parun. Wọ́n fi ẹrúbìnrin kan rọ́pò ẹlẹ́ṣẹ̀, wọ́n sì mulẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde kẹ́yìn ni ó di orúkọ òrìṣà tí ń dá ẹjọ́ láàrin wa títí di òní. Ohun burúkú ni wọ́n ṣe sí obìnrin náà, kò sì yẹ kí á bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ kí àlàáfíà náà dúró ni ìbúra tí tọ̀tún tòsì jọ gbọ́, kì í ṣe ohun ìjà tí ẹnì kan fi pamọ́ fún ẹnì kejì. Òkìkí ìbúra yẹn ti kọjá odò wa: ní Ìlú Bìní, àwọn tí ilé ẹjọ́ ti sú ń gbé ẹjọ́ wọn lọ síwájú Ayélála.

Nígbà tí a gbàgbé ìbúra náà, ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní 1998 wọ 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ̀ Àrògbò. Ìbọn ni a fi jà á. Abúlé jóná, ẹ̀mí ṣòfò ní ọ̀tún àti ní òsì, àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ ṣì ń jogún ìfura. Bí olúkúlùkù bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìbọn sí àpò lónìí, gbogbo ọwọ́ tí ó bá wọ àpò ní ọjà Ìgbókòdá yóò di ohun ìfura. Ọkọ̀ méjì kò ní lè pàdé ní ojú odò kí wọ́n sì kí ara wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà yàtọ̀ díẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ South Carolina, níbi tí abúlé Oyotunji ti wà láti 1970, òfin tuntun ti 2024 gba àgbàlagbà tí òfin kò dí lọ́wọ́ láyè láti gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ. Ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, ní Charleston, ní oṣù kẹfà 2015, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ funfun kan pa ènìyàn dúdú mẹ́sàn-án nínú ilé ìjọsìn wọn. Èmi kò ní dúró sí Ìlàjẹ kí n máa dá wọn lẹ́jọ́. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí ó bá pinnu láti gbé e níbẹ̀ ni kí ó fún ìbọn náà ní ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò fún un, ìyẹn èèwọ̀. Kí ó kọ́ ọ dáadáa. Kí àwọn àgbà ilé rẹ̀ mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó búra níwájú Ògún pé òun kò ní gbé e wọ ibi ọtí tàbí ibi ìjà, kí ó sì fà á lé àwọn àgbà náà lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ jẹ́ kí á ṣe ohun tí ó ṣeé ṣe. Kí àwọn ọdẹ àti apẹja tí ó bá yẹ kí wọ́n ní ìbọn gba ìwé àṣẹ fún irú èyí tí òfin gbà, kí ẹgbẹ́ wọn sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ohun ìjà nítorí ìlú láìkọ́kọ́ búra fún Ògún àti Ayélála, níwájú ọba àti níwájú aládùúgbò wa tí ó jẹ́ Ìjọ̀. Kí ọkọ̀ máa rìn pọ̀. Kí àwọn ìlú láti Ugbó dé Máhìn, láti Ayétòrò dé Àwòyè, jọ fi ohùn kan bi Ológun Ojú Omi tí ó ní ibùdó ní Ìgbókòdá pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣọ́ omi wa. Kí á sì bi ìjọba ìpínlẹ̀ pé kí ni Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà gbé kalẹ̀ ní 2020, ń ṣe fún ẹni tí ń gbé orí omi. Èyí le ju kí á ra irin márùn-ún ọta lọ. Ṣùgbọ́n òun ni ó lè bo ọmọ wa àti ọmọ aládùúgbò wa lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí Ògún má mu ẹ̀jẹ̀ wa. Kí Ayélála má rí ẹ̀sùn sí wa lọ́rùn. Kí omi tù wá lára. Àṣẹ.