Ta Ló Ni Làákàyè Òṣìṣẹ́?

 Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má tìtorí ìyẹn ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2013, akọ̀ròyìn obìnrin kan, Tobore Ovuorie, paradà bí aṣẹ́wó, ó sì wọ àárín àwọn tó ń kó ọmọbìnrin lọ tà sí ilẹ̀ Yúróòpù. Ó bá wọn rìn títí wọ́n fi dé orílẹ̀-èdè Benin kó tó rí àyè sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Premium Times, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé ìròyìn náà jáde. Ẹni tó bá kà á yóò mọ̀ pé obìnrin yìí fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2020, fíìmù Oloture jáde lórí Netflix. Ilé-iṣẹ́ EbonyLife ti Mo Abudu, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, ló ṣe é. Kenneth Gyang ló darí rẹ̀. Kí ni ìtàn inú rẹ̀? Akọ̀ròyìn obìnrin kan paradà bí aṣẹ́wó, ó wọ àárín àwọn tó ń kó ọmọbìnrin lọ tà. Ovuorie figbe ta. Ó ní ìtàn òun ni wọ́n mú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ sì béèrè mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. EbonyLife ní rárá o: ìtàn àròsọ tí àwọn fi oríṣiríṣi ìṣẹ̀lẹ̀ hun ni, àwọn gba àṣẹ lọ́wọ́ Premium Times, àwọn sì dárúkọ obìnrin náà ní ìparí fíìmù. Wọ́n ní àwọn tún fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èrè ilé sinimá lọ̀ ọ́.

Èmi kì í ṣe adájọ́, n kò sì pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúró lórí gbólóhùn kan: wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ ìwé ìròyìn. Òṣìṣẹ́ ló lọ sí ẹnubodè, ọ̀gá ni wọ́n lọ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú rẹ̀?

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 1988 ló wà lóde nígbà tí ìròyìn náà jáde (òfin tuntun ti rọ́pò rẹ̀ ní 2023). Òfin yẹn sọ pé bí akọ̀ròyìn tó ń gbowó oṣù bá kọ nǹkan fún ìwé ìròyìn, tí kò sì sí àdéhùn mìíràn, ọ̀gá ló ni ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn. Gbogbo ẹ̀tọ́ yòókù, ti ẹni tó kọ ọ́ ni. Ẹ tún un kà. Àwọn tó ṣe òfin náà mọ̀ pé owó oṣù kò ra gbogbo orí ènìyàn.

Àwọn kan á ní èrò kò ní olówó. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bí mo bá sọ ní gárèèjì Ìjàn pé ó yẹ kí ẹnìkan ṣe fíìmù nípa dẹ́rẹ́bà tó gbé òkú lóru láìmọ̀, tí ẹnìkan sì lọ ṣe é, kò jí nǹkan mi. Òfin pàápàá kì í ṣọ́ èrò lásán. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ló ń ṣọ́. Àmọ́ ẹni tó jókòó ro nǹkan yàtọ̀ sí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn ín, tó tún kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti ìdá èrè, ẹ gbọ́ ti Amẹ́ríkà. Art Buchwald, akọ̀wé ìwé ìròyìn, ta ìtàn ọba ilẹ̀ òkèèrè kan fún ilé-iṣẹ́ Paramount ní 1983. Ní 1988, Paramount gbé fíìmù Eddie Murphy nípa ọmọ ọba ilẹ̀ Áfíríkà, Coming to America, jáde láìdárúkọ rẹ̀. Ó pẹjọ́, ó sì jàre ní 1990, nítorí pé ó ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́. Fíìmù náà pa ju mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Ẹ mọ ohun tí Paramount wí? Wọ́n ní kò sí èrè kankan! Ìṣirò wọn ti gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ní 1992, adájọ́ ní kí wọ́n san 150,000 dọ́là fún Buchwald, kí wọ́n san 750,000 fún Alain Bernheim, ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á fún ọ ní ìdá nínú èrè, bi í léèrè ta ni yóò ṣírò rẹ̀.

Ó wá kù sí ọ̀dọ̀ tiwa. Ká ní ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ṣe irin kékeré kan tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dákú mọ́, máníjà ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ sára ẹ̀rọ mẹ́wàá yòókù, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó parí. Bẹ́ẹ̀ òfin wà láti ọdún 1970 lórí ohun tuntun tí òṣìṣẹ́ bá hùmọ̀. Ọ̀gá ló ni ohun tí a bá hùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ìhùmọ̀ ni wọ́n gbà ọ́ fún, tí o sì lo irinṣẹ́ wọn, tàbí tí ohun náà bá ṣe pàtàkì gidigidi, wọ́n gbọ́dọ̀ san owó tó tọ́ fún ọ. Ìwé àdéhùn kankan kò lè gba èyí lọ́wọ́ rẹ, o sì lè pẹjọ́ lé e lórí.

Dẹ́rẹ́bà ojú ọ̀nà Adó sí Ìjàn náà ní tirẹ̀. Ó mọ ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì máa ń tú jáde, ó mọ ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀. Tó bá sọ ọ́ lẹ́nu lásán, ó ti fi ta ọ̀gá lọ́rẹ. Tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìwé ètò ìrìnnà, ó ti ní ohun tó lè nawọ́ sí.

Mo fẹ́ kí akọ̀wé ẹ̀ka wa fi èyí kún ohun tí a ó gbé síwájú àwọn agbanisíṣẹ́ nígbà àdéhùn tó ń bọ̀: kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó bá hùmọ̀ nǹkan sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ iye tí wọn yóò san kí wọ́n tó lò ó. Iye owó pàtó ni o, kì í ṣe ìdá èrè. Títí dìgbà náà, kí oníkálùkù ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kó kọ ohun tó ṣe àti ọjọ́ tó ṣe é, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ti ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, kó mú un wá sí ìpàdé oṣù yìí ká jọ wò ó.