Ẹ Má Fi Ọ̀wọ̀ Gba Ẹsẹ̀ Lọ́wọ́ Àgbà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò rọrùn fún mi láti sọ, torí pé èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ara mi yá, àwọn ọmọ mi ní mi ò gbọdọ̀ ṣe wàhálà kankan mọ́. Wọ́n ra àga onítìmùtìmù fún mi. Ọmọ awo ló ń já ewé, òun ló ń pọn omi. Bí mo bá ń lọ sí ìpàdé awo tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ọ̀kadà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá fẹ́ dìde mú nǹkan, wọ́n á ní, "Baba, ẹ jókòó, kí la wà fún?" Inú mi dùn, mo sì ń ṣàdúrà fún wọn.

Kò pé ọdún kan. Láàárọ̀ ọ̀sẹ̀ Ifá kan, mo foríbalẹ̀, mo júbà tán, mo ní kí n dìde, orúnkún kọ̀. Mo fọwọ́ tilẹ̀, ibi pẹlẹbẹ ni mo wà. Ọmọ awo méjì ló gbé mi dìde níṣojú àwọn tó wá dáfá. Wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú má bàa tì mí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Àbúrò ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló là mí lójú. Ó ní kí n jókòó sórí àga, kí n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí n dìde kí n sì tún jókòó nígbà 5 láì di nǹkan kan mú. Ó ní bí ó bá gbà mí ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, agbára ẹsẹ̀ mi ti ń lọ nìyẹn. Ìgbà kẹta ni mo ti di àga mú. Ó ní sarcopenia ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é, ìyẹn kí ẹran ara àti agbára rẹ̀ máa dínkù bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè. Ẹran ara ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, tó bá wá lé ní ọgọ́ta, á yára. Mo ní, "Ogbó náà nìyẹn." Ó ní, "Baba, ogbó nìkan kọ́. Àga yìí wà níbẹ̀."

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa awo. Wọ́n ń gbé ìyá arúgbó wá sọ́dọ̀ wa, apá rẹ̀ ti gbẹ, aṣọ ń yọ̀ lára rẹ̀. Ohun tí ọmọ máa ń bi wá ni pé, "Baba, ta ló ń jẹ ẹran ara ìyá mi?" Wọ́n á ti fura sí orogún, wọ́n á ti fura sí ìyàwó ilé. Àwọn kan nínú wa á ní kí wọ́n rúbọ, wọn ò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Mi ò sọ pé Ifá ń purọ́, mi ò sì sọ pé ayé kò sí. Ohun tí mo ń sọ ni pé awo tó da ọ̀pẹ̀lẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè pé: kí ni ìyá jẹ lánàá? Ta ló bá a jẹun? Ìgbà wo ló rìn dé ọjà kẹ́yìn?

Mo béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ní láti ìgbà tí bàbá ti lọ, òun kì í dáná mọ́, ta ni òun fẹ́ dáná fún? Ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀, ẹ̀kọ tútù lálẹ́. Eyín ti ká, ẹran kò ṣeé jẹ. Àwọn ọmọ ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó àti òkè òkun, ṣùgbọ́n owó kì í bá èèyàn jẹun. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ẹ̀rù sì sé e mọ́ inú yàrá. Ìbànújẹ́ mú ebi wá, ebi mú àìlágbára wá, àìlágbára mú ìṣubú wá, ìṣubú mú ìjókòó wá, ìjókòó sì jẹ ẹran itan tó kù. Àjẹ́ wo ló wà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì yìí sọ ohun méjì fún mi tí mi ò lè gbàgbé. Lọ́dún 2007, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà gbé e jáde pé àwọn àgbà tí ara wọn le, tí wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10, pàdánù ẹran ẹsẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 1. Lọ́dún 1990, ní ìlú Boston, wọ́n mú arúgbó 10, ẹni ọdún 86 sí 96, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ 8. Agbára ẹsẹ̀ àwọn tó ṣe é parí lé ní ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Ta wá ni èmi tí mi ò tíì pé àádọ́rin ọdún?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọmọ tó ń wo bàbá rẹ̀ tó ń gbé omi kò lẹ́kọ̀ọ́. Ojú ayé là ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wa kò kọ́ wa ní ìjókòó. Ẹní là ń jókòó sí, ilẹ̀ là ń foríbalẹ̀ sí, a sì gbọ́dọ̀ dìde. Bí ìpèsè bá dún, àgbà awo ló ń ṣíwájú ijó. Orí rere tí kò ní ẹsẹ̀ kò lè dé ibi tó ń lọ. Ọ̀wọ̀ ni pé kí ọmọ bá àgbà rìn, kì í ṣe kó gba ìrìn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àgbà máa ṣe ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ó máa jókòó kí ó máa dìde lórí àga, kí ẹnì kan dúró tì í. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin àti ẹja. Bí eyín kò bá sí, ẹ lọ ẹran náà. Ẹni tí Ifá bá ka ẹyin léèwọ̀ fún, kí ó jẹ ẹ̀wà. Ẹni tí ẹ̀wà jẹ́ èèwọ̀ fún, kí ó jẹ ẹja. Èèwọ̀ kò ní kí á máa mu ẹ̀kọ lásán. Ẹni tó bá sì ṣàdédé ń rù, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà tàbí ikọ́ ife.

Mo mọ̀ pé ẹ̀wà àti ẹyin ti wọ́n lọ́jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ilé Ifá gbogbo pé, ní ọ̀sẹ̀ Ifá, kí oúnjẹ tí a bá sè máa dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó ń dá gbé, kí ẹnì kan sì jókòó bá wọn jẹ ẹ́.

Mo ti yọ̀ǹda àga onítìmùtìmù yẹn fún àlejò. Èmi ni mo ń já ewé mi láràárọ̀ báyìí. Ó gba oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n mo ti ń foríbalẹ̀ dìde fúnra mi, bí mo tilẹ̀ ń gbé ọwọ́ lé orúnkún. Bí Ọ̀rúnmìlà bá fẹ́, ẹsẹ̀ mi ni n ó fi gun Òkè Ìtasẹ̀ nígbà tí àwọn awo bá tún péjọ ní Ilé-Ifẹ̀ lóṣù kẹfà.

Ire àìkú tí a ń tọrọ, kí Elédùmarè fún wa pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí a ó fi rìn ín. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.