Fèrè Tó Ń Dán, Ṣé Ó Ń Dún?

Bí ìkórè bá ti ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ìjọ a máa palẹ̀ mọ́. Irú àkókò báyìí ni ìgbìmọ̀ máa ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ afọnfèrè. Wọn a ní fèrè ti gbó, ẹ jẹ́ kí á dáwó, kí á ra tuntun. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ akápò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí wa tí a kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, àwa gan-an wà nínú ìgbìmọ̀ tí ìjọ wa rán lọ ra fèrè. Owó tí a mú lọ́wọ́ kì í ṣe owó olówó kan ṣoṣo. Ọrẹ ìyá aláta, ọrẹ awakọ̀ àti ti akẹ́kọ̀ọ́ ló para pọ̀ di owó náà, ó sì lé ní ọdún kan kí ó tó pé. A dé ọjà, a rí trumpet mẹ́fà tó ń dán gbinrin, tí ènìyàn lè fi ṣe dígí. Owó wọn kò wọ́n. A bi ẹni tó ń tà wọ́n bóyá wọ́n dára, ó ní wọ́n dára. Ta ni yóò pe ọjà ara rẹ̀ ní ọjà burúkú? A sanwó, a kó wọn sọ́kọ̀, a sì ń kọrin bọ̀ wá sílé.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọ̀ràn fi dé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó fẹ́ràn fèrè ju oúnjẹ lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ohùn. Bí àwọn yòókù bá gòkè, tirẹ̀ a fọ́. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, tirẹ̀ a máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Ọ̀gá báńdì bá a wí títí. Àwa náà dá sí i. A ní kì í ṣe ìdánrawò, a ní eré ló gbà á lọ́kàn. Nígbà tí ìwọ́de àjọ̀dún ku ọ̀sẹ̀ kan, a ní kí ó gbé fèrè sílẹ̀, kí ó máa bá wọn gbé àsíá. Ìyá rẹ̀ sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ọmọ náà kò fẹnu kan oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bàbá àgbàlagbà kan wà nínú ìjọ wa tó ti fọn fèrè nínú báńdì àwọn ológun kí ó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Bàbá gbọ́, ó ní, "Ẹ gbé fèrè ọmọ yẹn wá ná, kí ẹ sì bá mi bu omi sínú bàsíà." Ó ki bọ́ọ̀lù róbà kékeré kan bọ ọ̀fun fèrè náà kí atẹ́gùn má baà ráyè jáde, ó rì í sínú omi, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ẹnu, gẹ́gẹ́ bí fọganáísà ṣe máa ń wá ibi tí táyà ti lu. Àfi bí omi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hó pùtùpùtù! Ibi méjì ni atẹ́gùn ti ń jáde, níbi tí wọ́n ti fi òjé lẹ páìpù mọ́ra tí òjé náà kò mú dáadáa. Bàbá gbójú sókè, ó wò wá, ó ní, "Ọmọ yìí kò jẹ̀bi o. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sọ́jà lẹ jẹ̀bi."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. A gbọ́ ẹjọ́ ọ̀gá báńdì, a kò gbọ́ ẹjọ́ fèrè, a sì dá ọmọ lẹ́bi. A bẹ ọmọ náà lójú ìyá rẹ̀. Bàbá wá lọ gbé cornet àtijọ́ tirẹ̀ jáde, èyí tí ara rẹ̀ ti pọ́n tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti tẹ̀ wọnú, ó fún ọmọ náà. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ohùn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Ohun tí a rí kọ́ rèé.

ÌYÀTỌ̀ TÓ WÀ LÁÀRIN WỌN

Fèrè idẹ kì í ṣe àlejò nílẹ̀ wa. Ẹgbẹ́ Boys' Brigade ti wà ní Èkó láti ọdún 1908, àwọn Salvation Army, ìyẹn Ẹgbẹ́ Ọmọ-ogun Ìgbàlà, sì dé ní ọdún 1920. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé fèrè gbogbo, ọ̀kan náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo trumpet àti cornet. Gígùn páìpù wọn dọ́gba, ó dín díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5 bí a bá nà án tán. Ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú páìpù ti trumpet ló ṣe déédéé, nítorí náà ohùn rẹ̀ mú, ó sì ń lọ jìnnà lójú títì. Ti cornet ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju ti trumpet lọ. Ó wúlò fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, nítorí kò gùn síwájú, kò sì ń fa ọwọ́ ọmọ wálẹ̀.

Trombone tí a ń fà síwá-sẹ́yìn nílò àyè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ báńdì ìwọ́de fi ń fi í sí ìlà iwájú, kí ó má baà gún ẹlòmíràn lẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ gbé e dúró kí ẹ sì jẹ́ kí apá tó ń yọ náà sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ yín wà nílẹ̀ láti gbà á. Bí ó bá há níbì kan, páìpù náà ti wọ́ nìyẹn.

Sousaphone ńlá tí a ń gbé kọ́ èjìká, John Philip Sousa, ọ̀gá báńdì ará Amẹ́ríkà, ló mú èrò rẹ̀ wá, ọdún 1893 ni wọ́n sì ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀. Páìpù rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 18. Èyí tí wọ́n fi idẹ ṣe máa ń wúwo ju kílò 10 lọ, ohùn rẹ̀ sì kún. Èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe fúyẹ́, kì í tẹ̀ wọnú, ṣùgbọ́n ó lè sán bí ó bá ṣubú, ohùn rẹ̀ kì í sì í kún tó ti idẹ. Bí ẹni tí yóò gbé e bá jẹ́ ọmọ ilé ìwé, tí ìwọ́de yín sì gùn, ẹ má fi ohùn pa ọmọ lẹ́jìká. Ẹ ra fáíbà.

BÍ A ṢE Ń DÁN FÈRÈ WÒ

Èkíní, ẹ má wo dídán. Fáníìṣì ni wọ́n fi bò ó, a sì lè fi fáníìṣì bo ohun tí kò dára. Idẹ fúnra rẹ̀, bàbà àti sínkì ni wọ́n pò pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ bàbà 70 àti sínkì 30 nínú 100. Àwọn kan máa ń lo bàbà 85 tàbí 90, pàápàá fún páìpù tó sún mọ́ ẹnu, nítorí itọ́ àti omi ẹnu kì í tètè jẹ ẹ́. Bí fèrè bá ti lò rí, ẹ wo páìpù ẹnu náà dáadáa. Bí ẹ bá rí àmì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti èékán tí àárín rẹ̀ dúdú, inú ni ìjẹrà náà ti ń bọ̀. Sínkì ti ń kúrò nínú idẹ, láìpẹ́ yóò lu. Ṣùgbọ́n bí ojú fèrè, níbi tó fẹ̀ gbàgàdà, bá tẹ̀ wọnú díẹ̀, ìyẹn kò ba ohùn jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ páìpù ẹnu ló tẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Èkejì, ẹ wò ó bóyá ó ń jò. Ẹ di trumpet mú, ẹ má tẹ bọ́tìnnì kankan, kí ẹ rọra fa páìpù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì kẹta síta díẹ̀. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì náà. Bí ẹ bá gbọ́ "pọ́ọ̀!", atẹ́gùn kò jò níbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti èkejì àti ti èkíní. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, písítìn ti jẹ tàbí páìpù náà ń jò.

Ẹ̀kẹta, ẹ tẹ àwọn bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kíákíá, nígbà púpọ̀, kí ẹ sì tẹ̀ wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú. Wọ́n gbọ́dọ̀ padà sókè lójú ẹsẹ̀. Fèrè tuntun tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti ń lọ́ra lọ́jà, báwo ni yóò ṣe rí nígbà ọyẹ́?

Ẹ̀kẹrin, ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù kékeré lọ́wọ́, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ̀ ọ́n fọn jù láàrin yín lọ, pẹ̀lú ẹnu fèrè tó ti mọ́ ọn lára. Kí ó kọ́kọ́ fọn ọ́n fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí fèrè náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí fèrè tútù máa ń rẹlẹ̀ lóhùn. Dò tí trumpet báńdì ń fọn láì tẹ bọ́tìnnì, B-flat ni lórí kíbọ́ọ̀dù. Kí ó fọn dò, sò, dò òkè àti mì láì tẹ nǹkan kan. Bí gbogbo wọn bá ga tàbí rẹlẹ̀ lọ́nà kan náà, a lè fi páìpù ńlá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí dò bá bára mu tí sò kò bára mu, wọn kò ṣe é dáadáa láti ilẹ̀ nìyẹn. Àtúnṣe kò sí.

Ẹ̀karùn-ún, bí ó bá jẹ́ fèrè méjì tàbí mẹ́ta lẹ fẹ́ yan ọ̀kan nínú wọn, kí ìgbìmọ̀ kọ ẹ̀yìn sí afọnfèrè. Kí ó máa fọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láì sọ èyí tó jẹ́. Etí ni kí ẹ fi yàn án. Ojú ti tan ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ jẹ. Ó tan tiwa jẹ.

Ẹ̀kẹfà, ẹ gbé e rìn. Fèrè tó dùn lórí ìjókòó lè di ẹrù lójú títì. Kí ọmọ tí yóò lò ó gbé e dúró bí ẹni ń fọn ọ́n fún ìdajì wákàtí. Bí apá rẹ̀ bá ń gbọ̀n, kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ TÒKUNBỌ̀

Àwọn kan á ní, "Ṣé kí á ra tòkunbọ̀ ni?" Ìdáhùn wa ni pé fèrè àtijọ́ tí wọ́n ṣe dáadáa sàn ju tuntun tí wọ́n sáré ṣe. Cornet Bàbá jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n igi gangan-ràn-gan má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀.

Ní ọdún 1939, níbi ìpàdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fẹnu kò pé kí ohùn tí a ń pè ní A máa gbọ̀n ní ìgbà 440 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun náà ni kíbọ́ọ̀dù yín ń lò. Ṣùgbọ́n àwọn báńdì fèrè idẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí kan Salvation Army, kò kúrò lórí ohùn òkè àtijọ́, tó ju 452 lọ díẹ̀, títí di àárín àwọn ọdún 1960 sí 1969. Salvation Army ní ilé iṣẹ́ fèrè tirẹ̀ ní ìlú St Albans kí ó tó tà á ní ọdún 1972, fèrè wọn sì lágbára. Nítorí náà, bí ẹ bá rí fèrè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti pẹ́ ju àkókò yẹn lọ, ó ṣeé ṣe kí ó ga ju kíbọ́ọ̀dù yín lọ. Ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àlàfo tó wà láàrin ibi títẹ̀ funfun kan àti dúdú tó tẹ̀ lé e. Kò kéré o! Kò sí àdúrà tàbí ìdánrawò ọmọ tó lè mú un bára mu. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè fi kún gígùn páìpù ńlá àti àwọn kékeré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó ìyẹn kí ẹ tó rà á.

Lákòótán, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀gá báńdì àti ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí owó kò bá tó ra mẹ́fà tó dára, ẹ ra méjì tó dára lọ́dún yìí, kí ẹ ra méjì lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ má fi owó opó ra idẹ tó ń dán. Bí ọmọ kan bá sì ń ṣi ohùn, kí ẹ tó na ẹgba ọ̀rọ̀ sí i, ẹ gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fún ẹlòmíràn fọn. Bí ti ẹni yẹn náà bá fọ́, ẹ bu omi sí bàsíà.

Ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti di géńdé báyìí. Bàbá ti lọ sinmi, cornet náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọ tún fẹ́ ra fèrè, òun ni a rán lọ sọ́jà. Ó dé ìsọ̀ mẹ́rin, ó padà wálé lọ́wọ́ òfìfo, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kò tíì sí èyí tó dára." Àwa àgbà sì dákẹ́, a gbà fún un.