Ìràwọ̀ Kò Bẹ̀ Wá Ní Ọ̀dà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Ẹni tí òwe yìí ń bá wí ni ẹni tí ó rí díẹ̀ lójú ọ̀run tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìyókù. Ìwà yìí gan-an ni àwọn kan ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lónìí ní orúkọ ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ojú ọ̀run lóru. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sáà ti yà á bó ṣe rí, pé orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé òṣùpá láti inú àwòrán mìíràn, tí wọ́n ń fẹ̀ ẹ́ tó ẹnu agbọ̀n, tí wọ́n sì ń to ìràwọ̀ yí i ká bí iyanrìn. Wọn kò tilẹ̀ rántí pé òṣùpá tí ó bá kún kì í jẹ́ kí ìràwọ̀ wẹẹrẹ hàn.

Ẹnìkan lè ní kò sí fọ́tò tí a kì í tún ṣe. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ojú ènìyàn kì í kó ìmọ́lẹ̀ jọ pẹ́. Kámẹ́rà ń kó o jọ. Bí a bá ṣí i sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, yóò rí àwọ̀ tí ojú wa kò rí, òótọ́ sì ni ohun tí ó rí. Ní ọdún 1941, Ansel Adams, ọmọ Amẹ́ríkà, ya òṣùpá lókè abúlé Hernandez. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó ń mú kí ojú ọ̀run inú àwòrán náà dúdú sí i nígbà tí ó bá ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n òṣùpá rẹ̀ kò kúrò ní ipò rẹ̀. Nígbà tí Adams fúnra rẹ̀ kò rántí ọjọ́ tí ó yà á dájú, ibi tí òṣùpá náà wà ni àwọn onímọ̀ fi ṣírò rẹ̀: ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ni. Àtúnṣe kò sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí èké. Òṣùpá àgbélé wo ni a lè bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Ìyàtọ̀ náà kò ṣòro: ṣé ìmọ́lẹ̀ náà wọ inú kámẹ́rà ni, àbí àwa ni a mú un wá? Ní ọdún 2023, ẹnìkan sọ àwòrán òṣùpá di bàìbàì lójú kọ̀ǹpútà, ó wá fi fóònù Samsung yà á. Fóònù náà fi àpá tí kò sí níbẹ̀ kún un. Iṣẹ́ ọnà kọ́ nìyẹn. Àfikún ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní sùúrù. Kí ó jáde ní òru tí kò sí òṣùpá, kí ó jìnnà sí iná ìlú, kí ó gbé kámẹ́rà lé ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kí ó fi iye mílímítà lẹ́ńsì rẹ̀ pín 500: lẹ́ńsì 20 yóò fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 25, kámẹ́rà kékeré ń fẹ́ kí ó dín sí i. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, yíyí ayé yóò sọ ìràwọ̀ di ìlà. Kí ó lo ISO 1600 tàbí 3200, kí ó sì fi àwòrán pamọ́ ní RAW, nítorí JPEG ti da apá kan nù. Kí ó ya 16, kí kọ̀ǹpútà to ìràwọ̀ wọn léra. Èérí wínníwínní inú wọn yóò dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni kí ó rọra mú pípọ́n iná ìlú kúrò. Kò fi nǹkan kan kún un.

Lóòótọ́, ọyẹ́ ń fi eruku bo ojú ọ̀run wa, òjò ń fi ìkùukùu bò ó. Òru tí ó mọ́ kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí irọ́ fi yá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí ìgboro Èkó lè dàgbà láìrí òru tí ó dúdú dáadáa. Fọ́tò ni yóò fi mọ ohun tí àwọn baba rẹ̀ ń wò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ àgùàlà. Bí fọ́tò bá purọ́ fún un, kò ní ojú ọ̀run tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ da òṣùpá méjì pọ̀, kí ó dà á pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ òun ni ó ti wá.