Ẹ̀dà Kì í Ṣe Ayédèrú

Àwọn kan ń sọ pé gìtá tí a fi ọwọ́ ṣe lónìí ní àwòṣe ti àtijọ́, ayédèrú ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, René Lacôte ń ṣe gìtá ní Paris. Gìtá rẹ̀ kéré sí ti òde òní. Fernando Sor, olórin ọmọ Sípéènì, yìn ín nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1830. Orin Sor ṣì wà, ṣùgbọ́n ohùn gìtá ńlá òde òní wúwo jù fún un.

Gìtá Lacôte gan-an ńkọ́? Díẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Pákó wọn ti gbó; bí okùn bá le jù lára wọn, wọ́n lè ya. Ẹ jẹ́ kí arúgbó sinmi! Oníṣọ̀nà tí ó fara balẹ̀ wọn ti àtijọ́, tí ó sì fá pákó tirẹ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́, ni ó ń jẹ́ kí a gbọ́ irú ohùn tí Sor gbọ́.

Kí ó ṣáà kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá lẹ orúkọ Lacôte mọ́ iṣẹ́ àná, olè ni. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà á yọjú wo inú ihò gìtá náà kí ó tó sanwó.