Ẹni Tí Ó Dákẹ́, Tara Rẹ̀ A Bá A Dákẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òwe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í dúró gbọ́ ọ mọ́: a ń pa á fún oníṣòwò tí ojú ń tì láti béèrè gbèsè, a ń pa á fún ìyàwó tí ọkọ ń rẹ́ jẹ, a sì ń pa á fún ará àdúgbò tí ìjọba kò tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé orí ẹ̀tọ́ nìkan ni ènìyàn ti lè dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun kan wà tí ọmọ ènìyàn ń dákẹ́ lé lórí tí ó wúwo ju gbèsè lọ, èyí ni pé ilé ayé ti sú u, ẹ̀mí ara rẹ̀ sì ti di ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. N kò sì mọ iṣẹ́ kan lábẹ́ ọ̀run tí a ti ń kọ́ ènìyàn ní irú ìdákẹ́jẹ́ yìí bí iṣẹ́ ológun.

Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fá irun orí ọmọ ogun ni wọ́n ti ń fi yé e pé ẹsẹ̀ tí ó bó kì í ṣe ohun tí à ń rò lẹ́jọ́, pé oorun tí kò tó kì í ṣe àìsàn, àti pé ẹni tí ó bá ń kùn ń kó ìtìjú bá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò ní ojú ìjà, n kò sì bá a wíjọ́; ohun tí mo ń wí ni pé ẹ̀kọ́ náà kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti padà, ó ń tẹ̀ lé ọmọ ogun wọ yàrá, ó ń bá a jókòó ti oúnjẹ, ó sì ń bá a ká orí ibùsùn ní òru. Ìròyìn ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ wí pé ní ọdún 2023, ọmọ ogun 523 ni ó fi ọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn, àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́ àti àwọn tí ó ń fi iṣẹ́ ogun kún iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Àwọn olùwádìí Costs of War, tí ibùjókòó wọn wà ní Brown University, sì ṣe ìṣirò kan ní 2021 nípa àwọn ogun tí Amẹ́ríkà ti jà láti 2001, wọ́n rí i pé àwọn ológun, ti ẹnu iṣẹ́ àti àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n kú ní irú ọ̀nà báyìí ju ìlọ́po mẹ́rin àwọn tí ọ̀tá pa lójú ogun lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìbẹ̀rù ìbọn ọ̀tá ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ ogun ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní USS George Washington, èyí tí wọ́n fà wọ èbúté àwọn akànkọ̀ ní Newport News ní 2017 fún àtúnṣe ọlọ́dún gbọọrọ. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀, kò sí ìjì, kò sí agbami. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ogun ń sùn nínú ọkọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi irin lu irin nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí jìnnà réré, ọjọ́ kan kò sì yàtọ̀ sí èkejì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, mẹ́ta nínú wọn fi ọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gba ọ̀pọ̀ láyè láti kó kúrò nínú ọkọ̀ lọ sùn sí ibi tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àbí ta ni ó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò lọ bá ọ̀gá rẹ̀ pé ariwo ń pa òun, nígbà tí baba rẹ̀ àgbà ja Vietnam?

Ibí yìí ni òwe mìíràn ti jáde láti bá òwe wa figẹ̀ wọngẹ̀. Yorùbá náà ni ó wí pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Bí a bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, òwe àwọn jagunjagun nìyí, nítorí Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn ilẹ̀ wa sọ fún wa nípa Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò pé bí ó bá lọ sógun, ó di dandan kí ó ṣẹ́gun padà wálé láàárín oṣù mẹ́ta, bí kò rí bẹ́ẹ̀ kí a gbé òkú rẹ̀ wálé. Ènìyàn tí a fi irú oyè báyìí jẹ kò ní ẹnu tí yóò fi wí pé ó rẹ òun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn we ọ̀ràn: ní ayé ìgbà náà, ẹ̀sín tí òwe ń wí ni pé kí ọ̀tá kó balógun lẹ́rú, kí wọ́n fi okùn sí i lọ́rùn kí àwọn ọmọdé ìlú mìíràn máa hó lé e. Àìrí oorun sùn kì í ṣe irú ẹ̀sín bẹ́ẹ̀. Kí ọkàn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn tí ó ti gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó sì wá oníṣègùn lọ, kì í ṣe ẹ̀sín rárá. Èmi gbà pé ẹni tí ó bá gbé òwe Kakaǹfò ka orí ọmọ ogún ọdún tí kò rí oorun sùn ṣi òwe pa, àṣìpa òwe yìí sì burú, nítorí pé a kì í rí ẹni tí a pa á fún kí a tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ní 2009, ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ṣí ọ̀nà fún àwọn àlejò tí wọ́n gbọ́ èdè tí àwọn ológun nílò, èdè Yorùbá sì wà nínú àwọn èdè náà. Láti ìgbà náà títí di òní, àwọn ọmọ wa ń bẹ ní bárékè wọn káàkiri. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀kan, ẹni tí mo dá sílẹ̀ fún àlàyé lásán, tí ó wà ní Fort Bragg ní North Carolina, tí ó sì fi òru pe ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó lórí fóònù.

“Màámi, ó ti sú mi.”

“Kí ló sú ọ, Àjàní? Ṣé iṣẹ́ ni?”

“Gbogbo rẹ̀ náà ni, mà. Ó ń ṣe mí bíi kí n sùn kí n má jí mọ́.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹnu rẹ kọ́ ni n ó ti gbọ́ ọ. Àjàní ọmọ akin, ọmọ ọkọ mi, kò ní í sú ọ o. Ó yá, ṣe àmín.”

“Àmín, mà.”

Ìyá yìí kò ṣe ibi. Ìfẹ́ ni ó mú un ké, ìgbàgbọ́ wa pé ẹnu ni a fi ń pe ibi wálé ni ó sì mú un yára pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọmọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ọmọ tí òwe wa ń bẹ̀ pé kí ó má dákẹ́ ti sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi àmín dá a padà sínú ìdákẹ́jẹ́, wọ́n tún fi oríkì akin dì í lẹ́rù, bí ẹni pé àwọn akin tí ó bí i kò sunkún rí. Àdúrà kò burú; kí ó kẹ́yìn ìbéèrè ni mo ń wí. Bí ó bá ṣe pé ó béèrè ni, kí ó là á mọ́lẹ̀ pé, “Àjàní, ṣé o ń ro àtipa ara rẹ ni?” ọ̀nà ì bá ṣí. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ni àwọn oníṣègùn ti ṣe lórí èyí, wọn kò sì rí i pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń gbin èrò náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi kí á fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà ni a fi ń sọ ọ́.

Ohun tí àwọn ológun Amẹ́ríkà sì ń kọ́ ara wọn nìyí. Ọmọ ogun tí ó bá fura sí ẹnìkejì rẹ̀ ní láti bi í ní gbangba, láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Kí ó fi sùúrù gbọ́ ọ, kí ó rọra mú ohun tí ó lè fi pa ara rẹ̀ lára jìnnà sí i. Kí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sìn ín dé ọ̀dọ̀ dókítà tàbí àlùfáà àwọn ológun, kí ó má ṣe dá a fi sílẹ̀ lọ́nà. Ẹni tí ó dákẹ́ ni òwe ń bá wí, ṣùgbọ́n mo rí i nínú ètò yìí pé ẹni tí ó jókòó tì í náà ní ìpín nínú òwe: nígbà tí ìrora bá pọ̀, ahọ́n olúwarẹ̀ lè kọ̀ fún un, ẹnu ẹlòmíràn ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, kí ni èrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó sọ ọ́ bá jìyà rẹ̀? Ní 2010, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan ní Okinawa, ní ilẹ̀ Japan, gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, wọ́n yọ ọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ológun pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe! Ní 2013 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ológun Amẹ́ríkà fagi lé ìdálẹ́bi náà. Nígbà tí ó sì di ìparí 2021, wọ́n bu ọwọ́ lu òfin kan tí wọ́n ń pè ní Brandon Act, tí a fi sọrí ọmọ ogun ojú omi kan tí ó kú ní Norfolk ní 2018, lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ ti rìn títí ní Washington. Òfin náà rọrùn: ọmọ ogun kò ní láti ro ẹjọ́ kankan, kí ó sáà ti wí fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun fẹ́ rí oníṣègùn ọkàn, ìdí yòówù kí ó jẹ́, ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ yára ṣètò rẹ̀, kí ó sì pa á mọ́ ní àṣírí bí òfin ti là á sílẹ̀. Ní 2023 ni wọ́n gbé ìlànà rẹ̀ jáde. Èmi fẹ́ràn òfin yìí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé sájẹ́ǹtì kan ṣoṣo tí ó bá rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ ogun bá béèrè lè sọ ọ́ di ìwé lásán ní bárékè tirẹ̀.

Ní ti mímú ohun ìpara-ẹni jìnnà sí ènìyàn, ọ̀rọ̀ ìbọn kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 2006 àwọn ọ̀gágun Ísírẹ́lì pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ogun tí ń lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ fi ìbọn wọn sílẹ̀ ní bárékè. Ìpara-ẹni láàárín wọn fi bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Òpin ọ̀sẹ̀ ni ó ti dín kù jù lọ, ti àárín ọ̀sẹ̀ kò sì lọ sókè nítorí rẹ̀. Èrò àtipa ara ẹni a máa ru, a sì máa rọlẹ̀, nígbà mìíràn láàárín wákàtí díẹ̀, ẹni tí ó bá sì gba ìbọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tọ́jú fún un ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ oníṣègùn.

Ti àwọn tí ó ti bọ́ aṣọ ogun sílẹ̀ tún yàtọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mọ́ tí yóò fura. Láti 2007 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti gbé tẹlifóònù kan kalẹ̀ fún wọn ní Canandaigua, èyí tí a lè pè tọ̀sán-tòru, ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà sì lè pè é. Láti 2022, nọ́ńbà 988 ni ènìyàn ó tẹ̀, kí ó tẹ 1 lé e. Láti oṣù kìíní 2023 sì ni ológun àtijọ́ tí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀ fún ti lè wọ ilé ìwòsàn èyíkéyìí, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ lórí ibùsùn tó ọgbọ̀n ọjọ́ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, lẹ́tà ni ó wù mí jù. Dókítà kan ní San Francisco, Jerome Motto, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ ogun ní Yúróòpù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kọ lẹ́tà kúkúrú ránṣẹ́ sí àwọn aláìsàn tí wọ́n jáde ní ilé ìwòsàn tí wọ́n sì kọ ìtọ́jú. Kò bá wọn wí, kò pè wọ́n padà, kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn kí wọn pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta, pé a ń rò yín, bí ẹ bá sì fẹ́ fèsì, inú wa yóò dùn. Ní 2001 ó kọ àbájáde rẹ̀ jáde: ní ọdún méjì àkọ́kọ́, àwọn tí ó pa ara wọn nínú àwọn tí ó rí lẹ́tà gbà kò tó ti àwọn tí kò rí gbà. Láti 2020 ni wọ́n ti ń fi irú lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí àwọn ológun àtijọ́ tí wọ́n bá pe tẹlifóònù náà. Àwa tí a ní kíkí fún òjò, fún oòrùn, fún ìjókòó àti fún ìdúró, kò yẹ kí a kọ́ èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí á sáà máa kí àwọn ọmọ wa tí ó wọṣẹ́ ogun láìní ìdí, pàápàá ẹni tí kì í fèsì.

Nílé níbí, òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹsẹ 327 pé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ìwé òfin ti Àríwá náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ọ́ fún wa ti fagi lé tiwọn láti 1961. Èkó tún tirẹ̀ ṣe ní 2011, ó ní kí ilé ẹjọ́ rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Òfin Èkó kò sì dé Maiduguri, níbi tí àwọn ọmọ ogun wa ti ń jagun láti 2009. Nítorí náà, bí a bá fi òfin ìlú wọ̀n ọ́n, sójà tí ó gbéra ní bárékè Ìkẹjà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó yẹ kí a tọ́jú, a máa dé ojú ogun gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn bí ó bá la ẹnu sọ ohun tí ó gbìyànjú láti ṣe. Kí àwọn aṣòfin Àbújá kọ́kọ́ dá wa lóhùn lórí ìyẹn kí wọ́n tó wí fún un pé kí ó má dákẹ́.