Ẹ Ṣí Ilé Ìkàwé Kí Ẹ Tó Yin Màmá

Bí a kò bá ní ṣí ilé ìkàwé, kí a yéé dárúkọ ìyá tó tọ́jú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Nílé-ìwé tí mo ń lọ ní Òkèlúsè, Màmá Láíbìrì la máa ń pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì, a jó, a fún wọn ní aago ara ògiri àti àwòrán wọn nínú férémù. Nígbà tí wọ́n kú, ilé-ìwé fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ wọn sókè ilẹ̀kùn ilé ìkàwé. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ̀hún báyìí, àga tó ti ṣẹ́ ló sì kún inú rẹ̀. Ṣé bí a ṣe ń rántí ènìyàn nìyẹn?

Iṣẹ́ Màmá kọjá kí á kọ orúkọ ẹni tó yá ìwé sínú rẹ́jísítà. Bí o bá dá ìwé padà, wọ́n á ní, "Kí lo bá níbẹ̀?" Bí o bá ń wo òkè wo ilẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún gbé e fún ọ. Páálí àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń tún ìwé tó ya ṣe. Ọmọkùnrin kan wà ní SS1 tí kò lè ka Yorùbá já geere. Màmá fún un ní Aláwìíyé, ìwé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa kà á lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù kí ẹnikẹ́ni má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ọdún tó yí po, ìwé Fágúnwà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ ìsìnkú, pẹ̀lú omijé.

Àwọn kan ní fóònù ti gba iṣẹ́ wọn. Fóònù ta ni? Ọ̀kan ṣoṣo ló wà nílé wa, bàbá mi ló sì ń gbé e lọ sóko. Bí ó tilẹ̀ dé, tí dátà wà, fóònù kò mọ̀ pé ojú ń ti ọmọ kan láti kàwé sókè.

Àwọn mìíràn ní kí olùkọ́ kan kàn máa mú kọ́kọ́rọ́ dání. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Olùkọ́ tó ń sáré láti kíláàsì kan dé òmíràn, ìgbà wo ni yóò jókòó ti ìwé? Iṣẹ́ tí à ń lọ kọ́ ní yunifásítì ni. Obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, Felicia Adetowun Ogunsheye, ìmọ̀ ilé ìkàwé ni wọ́n fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1973. Àwọn náà ló dá ilé ìkàwé àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Abadina, àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké yunifásítì náà ń gbé. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí àwa ọmọ àgbẹ̀ kókó.

Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni Olóyè Adékúnlé Ajáṣin ti wá, àwọn tó kọ àbá ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955. Wọ́n fi orúkọ wọn pe yunifásítì ní Àkùngbá, ẹ̀kọ́ sì ń lọ níbẹ̀. Ta ni yóò kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sára géètì, tí yóò wá ti géètì ọ̀hún pa?

Ìjọba ló yẹ kó gba ẹlòmíràn síṣẹ́, kò sì yẹ kí a dákẹ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kíkó àga jíjá síta kò gba lẹ́tà láti Àkúrẹ́. Àwa tí Màmá kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ìwé ṣì wà nílé-ìwé. A ó gbálẹ̀, a ó nu eruku. Ẹ̀yin òbí wa, nígbà ìpàdé sáà tó ń bọ̀, kí ẹ tó gbọ́ ìròyìn owó, ẹ béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ náà wà, kí ẹ má sì dìde títí wọn yóò fi gbé e síwájú yín.